Kọfí mi ń kan, ó sì tún ń korò nínú ife kan náà: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Àárọ̀Dára

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde kọfí sísẹ́. Mo ti pa kọfí lẹ́búlẹ́bú inú agolo tì. Hóró kọfí yíyan ni mò ń rà báyìí, tí mò ń lọ̀ fúnra mi, tí mo sì ń fi omi gbígbóná sẹ́. Asẹ́ V60 oníke ni mo ní, èyí tí ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, tí a sì ń gbé lé orí ife, pẹ̀lú bébà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ kọfí jẹ́ ẹ̀rọ kékeré oníná tí abẹ méjì ń yí bìrìbìrì nínú rẹ̀, kẹ́tùlù mi kò yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, ṣíbí ni mo sì fi ń wọn kọfí.

Hóró tí ó wà lọ́wọ́ mi wá láti Etiópíà. Wọn kò yan án dúdú, ẹni tí ó yan án sì kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé òórùn òdòdó àti adùn èso wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnu tèmi ń bá pàdé yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Bí mo bá ti fi kan ẹnu, kíkan rẹ̀ á mú kí n fún ojú pọ̀. Kí n tó gbé e mì tán, ìkorò á ti dé ẹ̀yìn ahọ́n mi, kò sì ní í tètè kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó tún ṣàn.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kọfí tí ó bá ń kan ni èyí tí omi kò tíì yọ ohun tí ó tó lára rẹ̀, nítorí náà kí a lọ̀ ọ́ kí ó kúnná sí i. Pé èyí tí ó bá ń korò ni èyí tí omi ti yọ nǹkan lára rẹ̀ jù, nítorí náà kí a dín bí ó ṣe kúnná kù. Èwo ni kí ẹni tí tirẹ̀ ń kan tí ó sì ń korò ṣe nínú méjèèjì? Bí mo bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pẹ́ lórí kọfí, omi á dúró sójú kan nínú asẹ́, á wá máa kán tótó títí tí ara rẹ̀ á fi tutù. Bí mo bá tètè pa ẹ̀rọ náà, omi á sáré kọjá, ife á sì dà bí omi tíì. Bí mo tilẹ̀ ṣe ohun kan náà láàárọ̀ àti ní ọ̀sán, ife méjèèjì kì í jọra.

Mo ti gbọ́ nípa kẹ́tùlù ọlọ́rùn gígùn tí omi rẹ̀ ń jáde tín-ín-rín, mo sì ti gbọ́ nípa ìwọ̀n gbígbóná omi. Èmi máa ń jẹ́ kí omi hó, kí n sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó má baà jó kọfí náà. N kò lè ra gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Alásẹ́

Ẹ kú ìbéèrè, Àárọ̀Dára. Ẹ ti ro ẹjọ́ yín débi pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ kọfí ni ó ń dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Omi gbígbóná kì í yọ gbogbo ohun tí ó wà nínú kọfí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn èròjà tí ó ń kan ni wọ́n máa ń tètè yọ́ sínú omi, adùn á tẹ̀ lé wọn, èyí tí ó ń korò tí ó sì ń mú ẹnu gbẹ á wá gba ẹ̀yìn dé. Bí hóró bá kúnná, omi á wọ̀ ọ́ kíákíá. Bí ó bá tóbi, ó máa ń pẹ́ kí omi tó dé àárín rẹ̀. Ẹ̀rọ alábẹ, ní tirẹ̀, kì í lọ kọfí rárá. Ńṣe ni ó ń gé e bí ó bá ṣe bá a pàdé. Èyí tí ó bá sún mọ́ abẹ á di lẹ́búlẹ́bú, èyí tí ó bá ta sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ á kù gẹ́gẹ́ bí ààbọ̀ hóró. Nígbà tí omi bá wá dé orí wọn nínú asẹ́ kan ṣoṣo, lẹ́búlẹ́bú á ti dé ibi ìkorò nígbà tí ààbọ̀ hóró ṣì wà níbi kíkan, ẹnu yín á sì gba méjèèjì pọ̀. Lẹ́búlẹ́bú yìí kan náà ni ó ń dí ojú bébà tí omi fi ń dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn méjèèjì tí ẹ gbọ́ kò fi lè ràn yín lọ́wọ́: àwọn tí wọ́n ń fúnni ní ìmọ̀ràn náà gbà pé gbogbo hóró inú asẹ́ yín tóbi bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ lọ kọfí bí ẹ ṣe máa ń lọ̀ ọ́, ẹ da ṣíbí kan sórí bébà funfun, ẹ fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé. Ẹ ó rí ègé tí ó tó ìdá mẹ́rin hóró, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti rí èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ìka yín bí àtíkè. Inú ife kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi owó yín rà, nígbà tí ó bá wà, ni ẹ̀rọ ìlọkọfí tí ó ní irin eléyín méjì tí hóró ń gba àárín wọn kọjá. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì ni ó ń pinnu bí kọfí yóò ṣe kúnná tó, nítorí pé hóró kò lè bọ́ sísàlẹ̀ títí yóò fi kéré tó àlàfo náà. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ń mu ife kan tàbí méjì.

Kí ó tó dé, ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí ó ń ka gíráàmù, kí ẹ sì yọwọ́ ṣíbí kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hóró tí a yan dúdú fúyẹ́ ju èyí tí a kò yan dúdú lọ, nítorí náà ṣíbí kan tí ó kún dẹ́múdẹ́mú nínú àpò kan kì í ṣe ìwọ̀n kan náà nínú àpò mìíràn. Gíráàmù 18 kọfí sí gíráàmù 300 omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orí òṣùwọ̀n náà ni kí ẹ ti wọn omi, torí pé mílílítà omi kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí gíráàmù kan. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan bébà nínú asẹ́ kí òórùn rẹ̀ lè lọ, ẹ da omi ìṣanra náà nù, ẹ da kọfí sí i, kí ẹ sì mi asẹ́ díẹ̀ kí ojú kọfí lè tẹ́jú. Ẹ rọ omi tí ó tó gíráàmù 50 sí i kí gbogbo rẹ̀ rin gbingbin, kí ẹ sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹ ó rí i tí kọfí ń wú, tí ó sì ń hó yẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ó há sínú hóró láti ìgbà tí a ti yan án ni ó ń jáde, bí kò bá sì jáde, ńṣe ni yóò máa ti omi sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra rọ omi títí òṣùwọ̀n yóò fi ka 180, ẹ jẹ́ kí ó wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún rọ ọ́ títí dé 300. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọjá tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, ẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ohun tí ó wà nínú ife kò tó 300. Kọfí inú asẹ́ máa ń fa omi tí ó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ mu.

Ní ti ẹ̀rọ alábẹ tí ẹ ní, ẹ má tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fìrí, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ mì ín kí èyí tí ó wà lókè lè bọ́ sẹ́nu abẹ, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ tíì onírin. Èyí tí ó bá jò sísàlẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú tí ń fa ìkorò; ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì wọn gíráàmù 18 lára èyí tí ó kù. Ìfiṣòfò ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ife tí ẹ bá mu lẹ́yìn rẹ̀ á sọ ohun tí àlàyé mi kò lè sọ.

OmiNiKókó

Gbogbo ohun tí Alásẹ́ sọ ni mo fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ó fò kọjá omi gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rọ. Nínú ife kọfí tí a fi bébà sẹ́, omi ni ó kó ohun tí ó ju ìdá 98 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi náà kò bá dára, kò sí ẹ̀rọ tí yóò gba kọfí náà sílẹ̀.

Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Bí ohun funfun kan bá ti gan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ọṣẹ kì í sì í tètè hó sí omi ilé yín, a jẹ́ pé omi líle ni ẹ ní. Èròjà bicarbonate tí ó máa ń wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa pa kíkan kọfí, á sì jẹ́ kí kọfí tí ó ní òórùn òdòdó tẹ́ lẹ́nu. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú, irú èyí tí a fi ooru sọ di mímọ́ pátápátá, ní àléébù tirẹ̀: kíkan á gba gbogbo ẹnu, ife á sì ṣófo, torí pé kalisíọ̀mù àti magnésíọ̀mù díẹ̀ ń ran omi lọ́wọ́ láti mú adùn jáde. Ìlànà omi tí ẹgbẹ́ SCA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kọfí àkànṣe, ti gbé jáde fi mílígíráàmù 150 ohun yíyọ́ nínú lítà kan ṣe àfojúsùn, ó gba èyí tí ó wà láàárín 75 sí 250, ó sì fẹ́ kí agbára omi láti pa kíkan wà ní nǹkan bí mílígíráàmù 40 nínú lítà. Kò gbọdọ̀ ní òórùn kólórínì rárá. Asẹ́ eléèédú lásán ń yọ èyí kúrò.

Kò di dandan kí ẹ ra ohun èlò tí ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ìgò omi ni wọ́n ti kọ iye ohun yíyọ́ inú rẹ̀ sí lára. Ẹ mú èyí tí tirẹ̀ wà láàárín 75 sí 150, ẹ fi sẹ́ kọfí kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ilé yín, kí ẹ sì tọ́ méjèèjì wò. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ omi sinmi.

Ọ̀rọ̀ pé omi híhó ń jó kọfí ni mo fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Kọfí náà ti rí iná tí ó ju igba °C lọ nígbà tí wọ́n ń yan án. Omi kò lè jó o mọ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi gbígbóná púpọ̀ máa ń tètè yọ ìkorò lára kọfí tí a yan dúdú, nítorí náà ẹ lè jẹ́ kí omi irú kọfí bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ sí 85 tàbí 90°C. Tiyín kò dúdú; hóró rẹ̀ le, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ ohun inú rẹ̀. Omi tí ó ti kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, pàápàá tí ìdérí kẹ́tùlù bá wà ní ṣíṣí, lè ti bọ́ sábẹ́ 90°C, asẹ́ àti ife tútù á sì tún gba díẹ̀ lára ooru rẹ̀. Bí omi bá ti hó, ẹ máa rọ ọ́. Ẹni tí ó ń gbé lórí òkè tí ó ga tó mítà 1,500 tilẹ̀ wà tí omi rẹ̀ ń hó ní nǹkan bí 95°C. Kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dúró dè. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ ra asẹ́ oníke, nítorí pé kì í gba ooru lọ́wọ́ omi tó bí ti amọ̀ tàbí ti gíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn ni wọ́n lẹ́wà lójú.

ÌkòkòKékeré

Ẹ má bínú, n kò gbà pé kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ alábẹ máa fi V60 fìyà jẹ ara rẹ̀ títí tí yóò fi rí owó ẹ̀rọ tuntun. Nínú asẹ́ tí omi ń gbà kọjá, kọfí fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu bí omi yóò ṣe yára tó. Bí hóró kò bá dọ́gba, omi á wá ibi tí ó rọrùn gbà, apá kan á rin ju apá kejì lọ, lẹ́búlẹ́bú á sì dí bébà. Ìṣòro mẹ́ta nìyẹn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan. Bí ẹ bá rẹ kọfí sínú omi bí a ṣe ń ṣe nínú French press, ìyẹn ìkòkò kọfí tí ó ní irin asẹ́ tí a ń tì láti òkè lọ sísàlẹ̀, gbogbo hóró ni omi kàn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀yin ni ẹ sì ń pinnu àkókò. Àìdọ́gba náà kò lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dín kù púpọ̀.

Èyí ni bí mo ṣe ń ṣe é. Gíráàmù 30 kọfí tí kò kúnná jù, gíráàmù 500 omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí a dà á lù ú, kí a má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kọfí á ti léfòó, á sì ṣe ìpele kan tí ó ki lójú omi. Ẹ fi ṣíbí rọra fọ́ ìpele náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á rì. Ẹ fi ṣíbí kó ìfófò àti ègé tí ó ṣẹ́kù lókè dànù, kí ẹ wá tún dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Ìdúró kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ṣe, òun gan-an sì ni ó ń jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tòrò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ má ti irin asẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pátápátá; ẹ jẹ́ kí ó kàn dúró sábẹ́ ojú kọfí, kí ẹ sì rọra dà á, torí pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, ẹ ti ru gbogbo ohun tí ẹ ń dúró dè láti tòrò sókè nìyẹn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rárá lè da kọfí inú French press náà gba inú bébà V60 kọjá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ìkorò yìí kan náà ni Melitta Bentz ń sá fún ní ìlú Dresden ní Jámánì, nígbà tí ó fi bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbẹ tádàwà ṣe asẹ́ kọfí, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1908. Ọ̀nà yìí wúlò fún ìlera àwọn kan pẹ̀lú: bébà ń dá òróró kọfí dúró, inú òróró náà ni èròjà cafestol wà, cafestol a sì máa gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fún kò yẹ kí ó máa mu kọfí tí kò gba inú bébà kọjá lójoojúmọ́.

Àárọ̀Dára

Ẹ ṣeun gidigidi, gbogbo yín. Mo tẹ́ kọfí sórí bébà funfun, mo sì rí ààbọ̀ hóró àti àtíkè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí Alásẹ́ ṣe wí. Mo ti wá òṣùwọ̀n. Mo ń tẹ ẹ̀rọ náà fìrífìrí, mo ń jọ kọfí nínú asẹ́ tíì, mo sì ń lo omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Ìkorò tí ń dúró sí ẹ̀yìn ahọ́n ti lọ. Ó ṣì ń kan, ó sì ṣì ń ṣàn. Gíráàmù 300 omi náà ń kọjá tán kí ó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Ṣé kí n fi kọfí kún un kí ó lè le?

Alásẹ́

Ẹ má fi kọfí kún un ná. Ohun méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níbí: bí kọfí ṣe le tó, àti iye ohun tí omi rí yọ lára hóró. Èèyàn lè ní ife tí ó le tí omi kò sì yọ ohun tí ó tó lára kọfí rẹ̀. Irú ife bẹ́ẹ̀ á kan ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó bọ́ sí bí ẹ bá sọ 18 di 25.

Ernest Lockhart, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, ni ó ya àtẹ tí a ṣì ń lò títí di òní. Omi lè yọ nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kọfí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Lórí àtẹ náà, ife tí ó dára ni èyí tí omi ti yọ ìdá 18 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún kọfí rẹ̀, tí ohun tí ó yọ́ sínú ife náà sì wà láàárín 1.15 sí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi kò ka àtẹ náà sí òfin. Ẹnu àwọn ènìyàn yàtọ̀, kọfí náà sì yàtọ̀. Ó wúlò nítorí pé ó sọ ọ̀nà tí a ó gbà. Ife tí ó ń kan tí ó sì ṣàn, tí omi rẹ̀ sì sáré, kò tíì dé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó kúnná sí i díẹ̀: ẹ fi ìtẹ̀ bíi mélòó kan kún èyí tí ẹ ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún jọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹ bá yí kíkúnná, ìwọ̀n omi àti ọ̀nà ìrọmi padà lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní í mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Nígbà tí kọfí ṣì ń jó ahọ́n, ooru ni ẹ ń tọ́ wò. Ìgbà tí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kíkan àti adùn á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé kíkan kò ní í kúrò tán, kò sì yẹ kí ó kúrò. Kọfí Etiópíà tí a kò yan dúdú gbọ́dọ̀ ní kíkan èso nínú. Èyí tí a ń lé lọ ni kíkan tí ó bá ahọ́n lójijì, tí ó sì pòórá tí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí adùn bá ti ń tẹ̀ lé e, tí ó sì pẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e mì, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá wá kọjá ibẹ̀, ẹnu yín á gbẹ bí ìgbà tí tíì bá pẹ́ nínú omi. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tí adùn bá ti wà tí ẹ sì fẹ́ kí ó le sí i ni kí ẹ tó fi gíráàmù kan tàbí méjì kún kọfí.

Ọlọ́rùnGígùn

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tí a fi ń rọ omi, mo sì rò pé ó wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí omi yín sáré. Bí omi bá jáde gbùù láti ẹnu kẹ́tùlù gbígbòòrò, ó ń gbẹ́ kòtò sáàárín kọfí, ó sì ń ti ìyókù lọ sára bébà. Omi tí ó tẹ̀ lé e á gba inú kòtò náà, tàbí kí ó gba ẹ̀gbẹ́ bébà tí kò sí kọfí lára rẹ̀ kọjá sínú ife láì ṣe iṣẹ́ kankan.

Nígbà tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, ẹ wo inú asẹ́ kí ẹ tó da kọfí inú rẹ̀ nù. Ojú rẹ̀ yẹ kí ó tẹ́jú. Bí ihò bá wà láàárín, ẹ ti rọ omi láti òkè jù tàbí pẹ̀lú agbára jù. Bí kọfí bá gbè sápá kan, ibi tí kò ga ni omi gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu kẹ́tùlù súnmọ́ asẹ́, kí omi máa yí po láti àárín bọ̀ síta, kí ó má sì dé ara bébà. Lẹ́yìn ìrọmi tí ó kẹ́yìn, ẹ di asẹ́ mú, kí ẹ sì yí i po lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí kọfí lè padà tẹ́jú. Ẹni tí kò ní kẹ́tùlù ọlọ́rùn gígùn lè kọ́kọ́ da omi híhó sínú kọ́ọ̀bù ńlá tí ó ní ẹnu tóóró, kí ó sì ti ibẹ̀ rọ ọ́. Ooru díẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ á balẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín nípa ọ̀nà Tetsu Kasuya, ará Jàpáánù tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje World Brewers Cup ní 2016: gíráàmù 20 kọfí, gíráàmù 300 omi tí a pín sí ìrọmi márùn-ún, tí ìdá 40 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún omi ń darí kíkan àti adùn, tí ìdá 60 tí ó kù sì ń darí líle. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kọfí tí kò kúnná tí hóró rẹ̀ sì dọ́gba ni ó gbára lé, ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ alábẹ kò lè fún yín. Ẹ fi í pamọ́ ná.

Àárọ̀Dára

Mo fi ìtẹ̀ kún un, mo sì ń rọ omi láti inú kọ́ọ̀bù. Ó ti ń gbà ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ, adùn kan sì ti ń yọjú nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. N ó ra ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Kí ni kí n máa wò lára rẹ̀? Kí ni kí n sì ṣe sí hóró tí mo ti rà sílẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má baà lọ kí ẹ̀rọ náà tó dé?

ÌkòkòKékeré

Ẹ di irin tí ó wà láàárín ẹ̀rọ náà mú, kí ẹ sì mì ín. Irin yìí ni ó gbé eyín inú dúró. Bí ó bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, àlàfo tí ó wà láàárín eyín méjèèjì á máa yí padà bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́, ẹ ó sì tún padà sí àìdọ́gba tí ẹ ń sá fún. Èyí tí wọ́n fi ohun ìdúró mú lókè àti nísàlẹ̀ ni kí ẹ yàn. Mo fẹ́ràn eyín onírin ju ti amọ̀ lọ, pàápàá fún kọfí tí a kò yan dúdú, torí pé hóró rẹ̀ le, irin tí ó mú sì ń gé e láì gba agbára púpọ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń yí kíkúnná rẹ̀ padà pẹ̀lú: bí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì bá jìnnà síra jù, ife kan á kan, èyí tí ó tẹ̀ lé e á korò, ẹ kò sì ní í rí àárín wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi máa nu inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi fọ eyín onírin.

Ní ti hóró tí ó wà nílẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yan án. Kọfí tí a kò yan dúdú a máa dùn sí i lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti dín kù, nítorí náà ìkánjú kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Afẹ́fẹ́ ìta, ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Àpò rẹ̀ tí ó ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde láì wọlé tó fún un, bí ẹ bá ń fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde kí ẹ tó pa á dé. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, ẹ pín in sínú ọ̀rá kéékèèké ní ìwọ̀n tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, kí ẹ sì kó wọn sínú firísà. Ẹ lè lọ hóró náà ní dídì bí ó ṣe wà. Kò nílò kí ó yọ́. Ọ̀rá tí ẹ bá ti ṣí ni kí ẹ má ṣe dá padà sínú firísà, torí pé ọ̀rinrin á ti sẹ̀ sára hóró inú rẹ̀.